Ìwé wà lọ́wọ́, ọkọ̀ ni kò sí: ọ̀rọ̀ àwọn ọmọ wa tó fẹ́ di DPO

1/ Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ má scroll kọjá. Bí ẹ bá ní ẹ̀gbọ́n, àbúrò tàbí ọ̀rẹ́ tó ń sọ pé òun fẹ́ lọ ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ òkun kí òun lè máa gba dọ́là, ẹ tag ẹ síbí. Ọ̀rọ̀ yìí lè gba owó rẹ̀ là.

2/ Ẹ̀yin ará Ṣágámù mọ depot Mosimi tó wà lójú ọ̀nà Ìkòròdú. Wọ́n ṣe é kí ọkọ̀ òkun lè já epo sí Atlas Cove l'Ékòó, kí páìpù sì gbé e wá sí Mosimi. Nítorí náà, kí ẹnikẹ́ni má bi mí pé kí ló kan ará Rẹ́mọ nínú ọ̀rọ̀ òkun. Ó kàn wá gan-an.

3/ Mo ní bọ̀dá kan, ọmọ ẹ̀gbọ́n màmá mi. Wọ́n kọ́ iṣẹ́ ọkọ̀ òkun, wọ́n jà fitafita kí wọ́n tó rí ọkọ̀ tí wọ́n fi pé oṣù 12 lójú omi, wọ́n sì gba ìwé ẹ̀rí ọ̀gá kékeré. Lónìí, bọ́ọ̀sì Ṣágámù sí Ìkòròdú ni wọ́n ń wà. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń kọjá níwájú Mosimi. Logbook DP wọn wà nínú pigeonhole bọ́ọ̀sì náà. Orúkọ wọn nìkan ló wà nínú rẹ̀.

4/ Kí ni DP? Dynamic positioning. Ó jẹ́ ọ̀nà tí ọkọ̀ òkun fi ń dúró sójú kan láì ju ìdákọ̀ró sómi. Kọ̀ǹpútà á máa gba ìròyìn láti ọ̀dọ̀ GPS, kọ́ńpáàsì àti ẹ̀rọ tó ń wọn afẹ́fẹ́, á sì máa darí àwọn ẹ̀rọ tó ń ti ọkọ̀ síwájú, sẹ́yìn, sọ́tùn-ún, sósì.

5/ Ẹ rántí ọmọbìnrin tó ru garawa omi lórí tí kò fọwọ́ dì í mú. Ẹ ó rò pé ó kàn ń rìn lọ jẹ́jẹ́ ni. Irọ́! Ọrùn rẹ̀ ń ṣiṣẹ́ ní gbogbo ìgbà. Bẹ́ẹ̀ ni DP. DPO ni ẹni tó ń ṣọ́ ọrùn yẹn, tó sì gbọ́dọ̀ mọ ohun tó máa ṣe ní ìṣẹ́jú tí kọ̀ǹpútà bá ṣìnà.

6/ Níbo ló ti le jù? Mo rò pé lórí shuttle tanker ni. Ọkọ̀ ńlá yìí ló máa ń lọ gba epo rọ̀bì lọ́wọ́ FPSO, ìyẹn ọkọ̀ tí wọ́n ti ń wa epo tí wọ́n sì ń tọ́jú rẹ̀ sí láàrin agbami. Lọ́pọ̀ ìgbà, nǹkan bí 80 mítà ló máa ń wà láàrin ọkọ̀ méjèèjì. Kò tó gígùn pápá bọ́ọ̀lù. Epo ń gba inú họ́ọ̀sì kọjá, ìgbì ń jà, afẹ́fẹ́ ń yí padà. Ẹni tó wà nídìí kọ̀ǹpútà kò gbọdọ̀ jẹ́ ẹni tó ra ìwé ẹ̀rí lọ́jà.

7/ Ká sọ òótọ́: Òkun Àríwá tó wà lápá Norway àti Scotland, àti Brazil, ni shuttle tanker oní-DP ti wọ́pọ̀. Ní Bonga tiwa níbí, ojú bọ́ì ni ọkọ̀ ti ń gba epo. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ oní-DP pọ̀ lójú omi wa: àwọn tó ń gbẹ́ kànga epo àti àwọn tó ń kó ẹrù lọ fún wọn. Iṣẹ́ wà. Ta ló ń ṣe é ni ìbéèrè.

8/ Báwo lèèyàn ṣe ń di DPO? Nautical Institute, tó wà ní London, ló ni ètò tí ọ̀pọ̀ èèyàn mọ̀. Wàá kọ́kọ́ ṣe kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀, wàá sì ṣe ìdánwò. Lẹ́yìn náà, 60 ọjọ́ lórí ọkọ̀ oní-DP. Wàá padà wá ṣe kọ́ọ̀sì kejì lórí ẹ̀rọ àfarawé, pẹ̀lú ìdánwò. Lẹ́yìn náà, 60 ọjọ́ míì. Ọ̀gá ọkọ̀ á fọwọ́ sí i pé o tó gbangba sùn lọ́yẹ́. Ọdún 5 ni wọ́n fún ọ láti parí gbogbo rẹ̀.

9/ Ẹ wò ó dáadáa. Kíláàsì kò tó ọ̀sẹ̀ méjì lápapọ̀. Owó lè rà á. Ṣùgbọ́n èyí tó pọ̀ jù nínú 120 ọjọ́ yẹn, kò sí ilé ìwé tó ń tà á. Ẹni tó ni ọkọ̀ nìkan ló lè fún ọ. Lórí shuttle tanker, ó tún le sí i, torí ìrìn àjò ló pọ̀ jù níbẹ̀, ìgbà tí wọ́n bá ń gba epo ni wọ́n ń lo DP. Ìdí nìyẹn tí wọ́n fi là ọ̀nà ọ̀tọ̀ fún àwọn tó ń kọ́ṣẹ́ lórí shuttle tanker.

10/ Ibẹ̀ ni ọ̀rọ̀ bọ̀dá mi há sí. Màmá wọn ń ta obì ní Ṣágámù. Owó obì ni wọ́n fi san kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀. Bọ̀dá yege. Ejẹ́ńtì kan l'Ékòó tún gba owó, ó ní ọkọ̀ ti wà nílẹ̀. Ọkọ̀ dà? Nọ́ńbà rẹ̀ kò lọ mọ́. Ọdún 3 ti lọ nínú 5.

11/ Ní oṣù tó kọjá, ẹlòmíràn tún pè wọ́n. Ó ní òun máa bá wọn kọ ọjọ́ kún inú logbook, òun máa lu sítáǹpù sí i, kí wọ́n ṣáà mówó wá. Bọ̀dá bi mí pé, "Àbúrò, kí ni kí n ṣe?" Wọn ò tíì fún ọ̀gbẹ́ni náà lésì. Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ thread yìí, kí n má ṣáà dárúkọ àwọn.

12/ Èsì mi nìyí: ẹ má ṣe é, bọ̀dá mi. Ẹni tí wọ́n bá mú pẹ̀lú ọjọ́ èké, ó ti ba orúkọ ara rẹ̀ jẹ́ nínú iṣẹ́ náà. Ká ní wọn ò tiẹ̀ mú yín ńkọ́? Lóru ọjọ́ kan, 80 mítà sí FPSO, kọ̀ǹpútà á máa ké, gbogbo ojú á sì máa wò yín. Sítáǹpù kò ní sọ ohun tí ẹ máa ṣe fún yín.

13/ Ní December 20, 2011, nígbà tí wọ́n ń já epo láti Bonga sínú ọkọ̀ kan, ohun tó tó 40,000 àgbá epo dà sómi. DP kọ́ ló fà á o, ọ̀rọ̀ họ́ọ̀sì ni. Ṣùgbọ́n ó fi hàn wá pé ibi tí epo ti ń ti inú ọkọ̀ kan bọ́ sí òmíràn kì í ṣe ibi eré.

14/ Mo mọ̀ pé àwọn tó ni ọkọ̀ ní àwíjàre. Bẹ́ẹ̀dì orí ọkọ̀ kò pọ̀, ilé iṣẹ́ epo tó gba ọkọ̀ náà sì fẹ́ ẹni tó ti ní ìwé ẹ̀rí tán. Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n bí gbogbo èèyàn bá fẹ́ ẹni tó ti mọṣẹ́, tí kò sì sẹ́ni tó fẹ́ kọ́ni, ibo ni ẹni tó mọṣẹ́ á ti wá?

15/ Ẹ wo mẹkáníìkì àti télọ̀ àdúgbò wa. Ọ̀gá kì í gba owó ìkọ́ṣẹ́ kó wá ní kí ọmọ iṣẹ́ lọ wá ṣọ́ọ̀bù tó ti máa kọ́ṣẹ́ fúnra rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù wà nílẹ̀. Ọmọ iṣẹ́ á bẹ̀rẹ̀ láti orí bọ́tìnnì, títí tó fi máa gba fíríìdọ̀mù. Àwọn bàbá wa mọ̀ pé ìkọ́ṣẹ́ tí kò ní ibi iṣẹ́, ẹnu dùn-ún ròfọ́ lásán ni.

16/ Ìjọba kò tíì ṣe tó. Lóòótọ́, NIMASA rán àwọn ọmọ lọ sí Egypt, India, Philippines, Romania àti Britain lábẹ́ ètò NSDP. Ọ̀pọ̀ nínú wọn parí kíláàsì, wọ́n sì jókòó sílé torí kò sí ọkọ̀. Ọgbẹ́ kan náà ni. Òfin Nigerian Content ti 2010 ní kí àwọn ilé iṣẹ́ epo kọ́ ọmọ Nàìjíríà níṣẹ́. Ó dáa. Kí wọ́n má ka iye ẹni tó gba ìwé ẹ̀rí kíláàsì mọ́. Kí wọ́n máa ka ọjọ́ tí ọmọ kọ̀ọ̀kan lò lójú òkun. Ọkọ̀ oní-DP tó bá fẹ́ ṣiṣẹ́ lójú omi wa, kí ó ya bẹ́ẹ̀dì kan sọ́tọ̀ fún ọmọ iṣẹ́. Bẹ́ẹ̀dì kan péré.

17/ Ìwọ tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀, ṣe nǹkan mẹ́ta yìí. Wo orúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà lórí ìkànnì Nautical Institute kí o tó sanwó. Má san owó kọ́ọ̀sì ìbẹ̀rẹ̀ títí ilé iṣẹ́ ọkọ̀ kan fi kọ ìwé sí ọ pé àyè wà fún ọ, torí ọjọ́ tí o bá bẹ̀rẹ̀ kọ́ọ̀sì ni ọdún 5 bẹ̀rẹ̀. Ẹni tó bá sì ní kí o sanwó kí òun tó fún ọ níṣẹ́, sá fún un.

18/ Tí ẹ bá ń ṣiṣẹ́ lórí ọkọ̀ oní-DP, tí ẹ sì mọ ibi tí wọ́n ti ń gba ọmọ iṣẹ́, DM mi wà ní ṣíṣí. Ọdún 2 ló kù fún bọ̀dá mi. Tí ẹ bá wọ bọ́ọ̀sì wọn lọ sí Ìkòròdú, tí ẹ rí ìwé kan nínú pigeonhole, ẹ má fi nu ọwọ́. Owó obì ìyá kan ló wà níbẹ̀.