Ikú Tó Ń Pa Ẹranko Inú Òkun

Bí àgbàlagbà kan bá gbọ́ pé àwọn onímọ̀ ń náwó tabua láti mọ kòkòrò àìfojúrí tó wà lára ẹranko inú òkun, ó ṣeé ṣe kó bú sẹ́rìn-ín. Á ní ṣé wọ́n ti wo ibà ara èèyàn san tán ni? Ìbéèrè náà kò burú, ṣùgbọ́n ohun tójú rí ní Gúúsù Amẹ́ríkà ti dá a lóhùn.

Àwọn tó ń sin adìyẹ kò ní tíì gbàgbé ọdún 2006, nígbà tí àrùn adìyẹ tí wọ́n ń pè ní bọ́ọ̀dù fúlù, H5N1, wọ Nàìjíríà láti ìpínlẹ̀ Kaduna. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí wọ́n máa rí i nílẹ̀ Áfíríkà. Gbèsè wọlé fún ọ̀pọ̀ àgbẹ̀, nígbà tó sì di 2007, ó pa obìnrin kan ní Èkó.

Irú àrùn yìí náà ni ẹyẹ gbé dé etíkun Peru ní ìparí ọdún 2022. Ẹranko kan wà níbẹ̀ tí wọ́n ń pè ní kìnnìún òkun: ẹja ló ń jẹ, orí iyanrìn ló sì ti ń sinmi. Kí oṣù kejì ọdún 2023 tó parí, èyí tó kú ní Peru nìkan ti lé ní 3,000. Àrùn náà gba Chile kọjá sí Argentina. Ní Península Valdés, ní oṣù kẹwàá ọdún náà, àwọn ọmọ síìlì kan tí imú akọ wọn dà bí ọwọ́jà erin kú tó bíi 17,000. Nínú ọgọ́rùn-ún tí wọ́n bí, bóyá la fi rí márùn-ún tó yè.

Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe sí òkú wọn ló fi hàn pé kòkòrò náà ti yí padà, tó fi ń ràn láti ara ẹranko kan sí òmíràn láìsí ẹyẹ láàárín. Ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́yàn sì ni wọ́n, bí ewúrẹ́, bí èèyàn. Ohun tó ṣe Àbóyadé, gbogbo ọlọ́ya ló ń ṣe. Ní Chile, ọdún 2023 kan náà, wọ́n bá àrùn yìí lára ọkùnrin kan. Kòkòrò tó mú un sì bá ti àwọn ẹranko òkun wọ̀nyí tan.

Èyí kọ́ ni àkọ́kọ́. Nígbà tí irú fúlù mìíràn pa síìlì ní etíkun Massachusetts, Amẹ́ríkà, láàárín 1979 sí 1980, mẹ́rin nínú àwọn tó la òkú wọn wò ni ojú wọn pọ́n bí ojú ẹni tí Àpólò mú. Ní 1988, nǹkan bíi 18,000 síìlì kú ní òkun àríwá Yúróòpù. Ẹ̀gbin tí àwọn iléeṣẹ́ ń dà sómi ni ọ̀pọ̀ kọ́kọ́ dá lẹ́bi. Àyẹ̀wò ló tú àṣírí pé kòkòrò kan tó jẹ́ ìbátan àrùn èéyi ọmọdé ló wà nídìí ọ̀ràn. Ó tún padà wá ní 2002, ó pa èyí tó ju 20,000 lọ.

Etíkun Nàìjíríà gùn ju 800 kìlómítà lọ. Síbẹ̀, bí òkun bá gbé òkú àbùùbùtán jù sétí omi, ọ̀bẹ àti àdá ló máa ń yára débẹ̀ ju dókítà ẹranko lọ. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Iléeṣẹ́ ìwádìí nípa òkun wà ní Èkó, ti àrùn ẹranko sì wà ní Vom, nítòsí Jos. Kí ìjọba fún wọn lówó àti ọkọ̀ tí wọn yóò fi máa tètè dé ibi tí irú òkú bẹ́ẹ̀ bá wà, kí wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ àti ẹran rẹ̀ fún àyẹ̀wò kó tó jẹrà.

Kó tó dìgbà náà, kí ẹ̀yin apẹja tó bá rí irú òkú bẹ́ẹ̀ má ṣe kùn ún, ẹ má sì jẹ́ kí ajá tọ́ ọ wò. Ẹ ránṣẹ́ sí ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀ tó bá sún mọ́ yín, kí wọ́n wá dókítà ẹranko wá.