Ẹ Fún Ajá Ilé Yín ní Nǹkan Fà

Ajá tí wọ́n bá so mọ́ ẹsẹ̀ géètì láti àárọ̀ ṣúlẹ̀, tí kò rí nǹkan kan ṣe, bó bá jẹ bàtà onílé, tó gbẹ́ ilẹ̀, tó gbó títí àdúgbò ò fi lè sùn, mi ò rí ẹ̀bi rẹ̀. Iṣẹ́ ló ń wá. Ajá àwọn baba wa kì í jókòó lásán. Ó ń bá ọdẹ lọ sígbó, ó ń gbóòórùn òkété nínú ihò, ó ń lé ọ̀yà nínú koríko, kílẹ̀ tó ṣú ó ti rẹ̀ ẹ́. Wọ́n ní ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ. Ajá inú ọgbà wa lónìí ò rí ọdẹ, kò gbọ́ fèrè, ṣéènì nìkan ló mọ̀. Ìdí nìyí tí mo fi ń sọ fún ẹnikẹ́ni tó bá ní ajá, tó sì wọ ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi ní Àpáta, n'Ìbàdàn, pé kó rán ohun ìṣeré fún un.

Inú àwọn kan kì í dùn sí i. Wọ́n á ní, "Ìyá Télọ̀, ọmọ èèyàn ò tíì rí ohun ìṣeré, ajá lẹ fẹ́ ká rán an fún?" Mo mọ bí ọjà ṣe gbówó lórí, èmi náà ń ra òwú, mo ń ra epo sí jẹnẹrétọ̀. Àmọ́ ohun tí mò ń wí ò ná èèyàn ní kọ́bọ̀. Àgékù aṣọ ni. Télọ̀ wo ni kò ní in lábẹ́ tábìlì? Àgékù ańkárá tí oníbàárà rà ní Gbági, ẹsẹ̀ ṣòkòtò jíìnsì tí wọ́n ní ká gé kúrú, gbogbo rẹ̀ là ń kó dànù, òmíràn á bọ́ sí gọ́tà, á dí omi lọ́nà nígbà òjò. Àwọn ọmọ iṣẹ́ mi tí ò tíì lè fi máṣíìnì rán ojú ìlà kó tọ́, orí ohun ìṣeré ajá ni wọ́n ti ń kọ́ ọ, kí wọ́n má baà ba aṣọ aláṣọ jẹ́.

Jíìnsì ló dára jù. Mo máa ń gé ẹsẹ̀ ṣòkòtò tó ti gbó sí ọ̀já mẹ́ta, kí ọ̀kọ̀ọ̀kan fẹ̀ tó ìka mẹ́rin. Màá ta kókó sórí wọn, màá hun wọ́n pọ̀ le dan-in, màá tún ta kókó sídìí. Ẹ di orí kan mú, kí ajá di ìkejì. Tanímọ̀la, ajá lókà tó ń ṣọ́ ṣọ́ọ̀bù mi, á fi ẹsẹ̀ iwájú méjèèjì tẹlẹ̀, á gbé ìdí sókè, á máa fà á, á máa kùn. Ìkùn eré ni, torí ìrù rẹ̀ ń jù. Èyí tó tún fẹ́ràn ni àpò ẹ̀yìn jíìnsì. Mo máa ń ká ańkárá fífẹ̀ kan, màá fi edé gbígbẹ díẹ̀ sáàárín rẹ̀, màá kì í sínú àpò náà. Á fi imú tú u, á fa ańkárá jáde, á yí i síhìn-ín sọ́hùn-ún títí á fi rí edé rẹ̀ jẹ. Lẹ́yìn náà, oorun ló kàn.

Ọmọ ajá tiẹ̀ nílò rẹ̀ ju àgbà lọ. Eyín àkọ́hù rẹ̀ jẹ́ 28. Láti bí oṣù mẹ́ta sí mẹ́rin ni wọ́n ti ń ká, tí 42 ti àgbà ń hù bọ̀, èrìgì á sì máa yọ ọ́ lẹ́nu. Ẹ rẹ jíìnsì tí ẹ hun sómi, ẹ gbé e sí fíríìsà bí iná bá wà, ẹ wá fún un. Bàtà ogbó làwọn kan ń jù sí i. Ẹ má ṣe bẹ́ẹ̀: ajá ò mọ ìyàtọ̀ bàtà ogbó sí èyí tí ẹ fẹ́ wọ̀ lọ òde ní Sátidé.

Kì í ṣe gbogbo àgékù ló yẹ ẹnu ajá o. Ẹ yọ bọ́tìnì àti sípù. Ihò ara léèsì máa ń há mọ́ eyín. Àdìrẹ tuntun tó bá ṣì ń ṣí, ẹ fọ̀ ọ́ títí omi rẹ̀ á fi mọ́, torí kọ́síìkì sódà wà lára ohun tí wọ́n fi ń pa á láró lóde òní. Ẹ má ki fóòmù sínú ohunkóhun. Òwú ni mo bẹ̀rù jù. Bí ajá bá gbé òwú gígùn mì, tí orí rẹ̀ kan há síbì kan, ìfun á máa sún jọ sórí òwú yẹn bí ìdí gáùn ṣe ń sún kì nígbà tí a bá fa òwú rẹ̀. Ó lè gé ìfun, iṣẹ́ abẹ ló sì máa ń já sí lọ́dọ̀ dókítà ẹran. Nítorí náà, ẹ gé òwú kúrú, ẹ rán ojú kan lẹ́ẹ̀mejì, bó bá sì ti ń ya, ẹ gbà á lẹ́nu rẹ̀ kí ẹ rán òmíràn.

Ẹ má jù ú sílẹ̀ fún un kí ẹ máa lọ. Ẹ tú ṣéènì náà, kí ẹ jókòó tì í. Ẹni tí kò bá ráyè ìyẹn rárá, kí ló fẹ́ fi ajá ṣe?

Ẹ̀yin télọ̀ ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ má da àgékù jíìnsì sójú àgbàrá mọ́. Ẹ gbé àpò kan kọ́ sẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù. Tèmi ń bẹ níbẹ̀, àwọn tó ní ajá ń mú nínú rẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, àwọn olùkọ́ náà sì ti ń wá kó o fún iṣẹ́ ọwọ́ àwọn ọmọ iléèwé.