Ọjọ́ Kìíní Lórí Kẹ̀kẹ́

Ìyàwó wa ọ̀wọ́n,

Bí ìwọ àti ọkọ rẹ bá pinnu láti gun kẹ̀kẹ́ láti Ọ̀tà gba etíkun dé Lomé, ọjọ́ kìíní ni kí ẹ ṣọ́ra fún jù. Ara ṣì le, ẹsẹ̀ ṣì ń yá. Ìgbà náà gan-an ni ènìyàn ń sáré àsápajúdé.

Ẹ jí ní kùtùkùtù, kí ẹ lè kọjá kí àwọn ọkọ̀ akẹ́rù ilé-iṣẹ́ ńláńlá tó kún ọ̀nà. Lábẹ́ afárá Ṣàngó, ẹ sọ̀kalẹ̀, kí ẹ fi ọwọ́ ti kẹ̀kẹ́ kọjá. Kò sí ìtìjú níbẹ̀. Ẹ gba Àtan àti Lùsadà dé Àgbárá, kí ẹ tó bọ́ sí òpópónà Àgbádárìgì.

Ẹ máa mu omi kí òùngbẹ tó gbẹ yín, nítorí òógùn a máa gbé omi àti iyọ̀ jáde lára. Ẹ di ẹ̀kọ àti ọ̀lẹ̀lẹ̀ dání.

Ní 1952, ọjọ́ 28 ni Ọlábísí Àjàlá fi gun kẹ̀kẹ́ láti Chicago dé Los Angeles. Kò fi ọjọ́ kan ṣe é. Bí ilẹ̀ bá ṣú, ẹ sùn sí Àgbádárìgì. Ibodè Sẹ̀mẹ̀ kò ní sá lọ.

Kí ẹni tí ẹ fi ọmọ tì mọ ibi tí ẹ ó sùn.

Paríparì rẹ̀, bí orúnkún bá ń ro ọ́, sọ fún ọkọ rẹ. Má ṣe mú un mọ́ra kí ó má baà pè ọ́ ní ọ̀lẹ. Ìrora tí a bò mọ́lẹ̀ ní Ọ̀tà, Kùtọnu ni yóò ti ké síta.