TA NI KÁ BI LÉÈRÈ Ọ̀NÀ?

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ bá yín sọ lóṣù yìí kì í ṣe ọ̀rọ̀ èlé, kì í sì í ṣe ọ̀rọ̀ owó ìpín. Ọ̀rọ̀ ọ̀nà ni. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá fara balẹ̀ kà á dé ìsàlẹ̀, ẹ óò rí i pé ọ̀rọ̀ owó náà ni.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ti dùn wá. Ìyá kan wà láàárín wa tó ń ra ọ̀gẹ̀dẹ̀ àgbagbà ní ìhà Ìpetu-Ìjẹ̀ṣà, tó ń kó o wá tà ní Òṣogbo. Owó ẹ̀yáwó ẹgbẹ́ ló fi ń ṣe é, ọmọ ẹgbẹ́ méjì ló sì ṣe onídùúró fún un. Ní ọjọ́ tí à ń wí yìí, ọkọ̀ agbépo kan ti ṣubú dábùú títì láti ìdájí, kí èèyàn tó dé Iléṣà. Ìyá wa kò mọ̀. Ó di ẹrù tán lọ́sàn-án, ó gbéra, ó sì lọ bá ọkọ̀ tó tò lọ bí èèrà. Ibẹ̀ ló sùn mọ́jú. Nígbà tí ọ̀nà fi máa là lọ́jọ́ kejì, oòrùn ti ṣe tirẹ̀. Èyí tó ti pọ́n nínú ọ̀gẹ̀dẹ̀ náà ti dúdú, ó ti ń ṣomi. Ó tà á bí ẹni ń da pàǹtí nù. Ọjọ́ owó pé, kò rí i san, àwọn onídùúró méjèèjì sì ń wo ojú ara wọn.

Èyí tó ká wa lára jù nìyí o. Ọmọ ẹgbẹ́ wa mìíràn, tó ń lọ ná ọjà ní Àkúrẹ́, ti rí ọkọ̀ agbépo yẹn ní nǹkan bí aago méje àárọ̀. Ó sọ̀ kalẹ̀, ó gun ọ̀kadà ré e kọjá, ó wọ ọkọ̀ mìíràn níwájú. Fóònù wà lọ́wọ́ rẹ̀. Fóònù wà lọ́wọ́ ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ náà. Ẹgbẹ́ kan náà ni àwọn méjèèjì, ìpàdé kan náà ni wọ́n ń wá. Kò kàn sí ibì kankan tí ẹni tó ti rí i lè gbé ọ̀rọ̀ náà sí, kí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn lè bá a níbẹ̀ ni.

Àwọn àgbà ní ará iwájú tó jìn sí kòtò, ẹ̀kọ́ ló jẹ́ fún ará ẹ̀yìn. Òótọ́ ni, àmọ́ ará ẹ̀yìn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́ pé ẹnì kan ti jìn. Ohun tí a fẹ́ sọ kò jù báyìí lọ: ó tó àkókò kí ẹgbẹ́ wa ní nọ́ńbà fóònù kan tí ọmọ ẹgbẹ́ lè pè kó tó di ẹrù, kó béèrè pé, "Báwo lọ̀nà?", kí ẹni tó mọ̀ ọ́n sì dá a lóhùn.

Kì í ṣe àṣà àjèjì. Àwọn bàbá wa tó ṣòwò òṣómàáló, tí wọ́n gbé aṣọ kúrò ní Iléṣà lọ sí ọ̀nà jíjìn, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sẹ́nu ọ̀nà onígbèsè títí owó yóò fi jáde, ṣé wọ́n kàn ń gbéra lójú oorun ni? Ẹni tó ti ibẹ̀ dé ni wọ́n ń bi pé ṣé odò kún, ṣé afárá ṣì wà, ṣé ọjà ná. Abèèrè-ọ̀nà kì í ṣìnà. Nígbà tí mọ́tò dé, àwọn awakọ̀ a máa já ewé tútù sójú títì láti fi kìlọ̀ fún ẹni tó ń bọ̀ pé ọkọ̀ kan ti dákú síwájú. Wọn a tún máa tan iná ọkọ̀ síra wọn lọ́sàn-án gangan. Iṣẹ́ kan náà ni. Àbùkù ewé náà ò ju ẹyọ kan lọ: ìgbà tí èèyàn bá dé ìdí rẹ̀ ló tó rí i, ẹrù sì ti wà lórí ọkọ̀.

A kò sọ pé ìjọba kò gbìyànjú. Ní 1977, nígbà tí Òṣogbo àti Iléṣà ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Ọ̀yọ́, ìpínlẹ̀ náà dá ẹ̀ṣọ́ ojú pópó tirẹ̀ sílẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká ló sì ṣáájú rẹ̀. Ní 1988, ìjọba àpapọ̀ dá ti orílẹ̀-èdè sílẹ̀, èyí tí gbogbo wa ń pè ní Road Safety, Ṣóyínká yìí kan náà ni alága rẹ̀ àkọ́kọ́. Lónìí, Road Safety ní nọ́ńbà 122 tí èèyàn lè pè lọ́fẹ̀ẹ́ bí jàǹbá bá ṣẹlẹ̀. Láti 2012 ni Èkó ti ní rédíò tirẹ̀, Traffic Radio 96.1, tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa sọ ibi tí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ wà àti ibi tí ọ̀nà ti là.

Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ jàǹbá ni a ń fi 122 sọ, ti Èkó sì jẹ́ ti Èkó. Ta ni yóò sọ fún ìyá tó fẹ́ kó ẹrù kúrò ní ọjà Atákúmọ̀sà pé òjò àná ti bo ọ̀nà kan mọ́lẹ̀? Nígbà tí a sì béèrè nínú ìpàdé tó kọjá pé ta ló mọ nọ́ńbà 122 yìí, ọwọ́ díẹ̀ ló nà sókè. Ẹ ò rí i? Nọ́ńbà tí àwọn èèyàn kò mọ̀ dà bí kànga tí a kò fi ọ̀nà rẹ̀ han ará ilé. Omi wà ńbẹ̀, òùngbẹ sì ń gbẹ wọ́n.

Ẹ má rò pé àwa nìkan ni irú èyí ń ṣe. Ní Amẹ́ríkà, títí wọ ọdún 2000, nọ́ńbà tí èèyàn lè pè béèrè ọ̀nà lé ní 300, ọ̀kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlú tirẹ̀. Ẹni tó mọ ti ìlú rẹ̀ kò mọ ti ìlú kejì. Ní oṣù keje ọdún náà ni àjọ tó ń bójú tó ọ̀rọ̀ fóònù níbẹ̀ ya nọ́ńbà kan ṣoṣo sọ́tọ̀ fún gbogbo orílẹ̀-èdè, 511, mẹ́ta péré, tí ọmọdé lè rántí. Ìlú Cincinnati àti àríwá Kentucky tó múlé tì í ló kọ́kọ́ lò ó, ní oṣù kẹfà 2001. Lẹ́yìn náà ni àwọn ìpínlẹ̀ mìíràn ń tẹ̀ lé e, wọ́n sì ń gbé ìròyìn kan náà sórí íntánẹ́ẹ̀tì fún ẹni tó bá fẹ́ fi ojú ara rẹ̀ wò ó.

Ohun tí a rí kọ́ níbẹ̀ ni pé nọ́ńbà nìkan kò tó. Ìpínlẹ̀ kọ̀ọ̀kan ló ní láti wá ẹni tí yóò máa kó ìròyìn ọ̀nà jọ lójoojúmọ́, kí wọ́n sì tún ri pátákó mọ́ ẹ̀gbẹ́ títì kí arìnrìn-àjò lè mọ̀ pé nọ́ńbà kan wà. Nọ́ńbà ló rọrùn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ìròyìn tòótọ́ àti ìpolówó ló le. Nítorí náà, ẹ jẹ́ ká to tiwa báyìí.

Ìkínní, kí nọ́ńbà náà jẹ́ ti ẹgbẹ́, kó máa gbé ọ́fíìsì. Kó má jẹ́ ti akọ̀wé, kó má jẹ́ ti ààrẹ. Bí akọ̀wé bá lọ lọ́la, nọ́ńbà kò gbọ́dọ̀ bá a lọ.

Ìkejì, kí á yan àwọn ọmọ ẹgbẹ́ tó máa ń rin ọ̀nà kọ̀ọ̀kan déédéé: Òṣogbo sí Iléṣà, Iléṣà sí Àkúrẹ́, Iléṣà sí Ifẹ̀ àti Ìbàdàn, Òṣogbo sí Gbọ̀ngán, Òṣogbo sí Ìkìrun. Àwọn ni yóò máa pe ọ́fíìsì. Kì í sì í ṣe jàǹbá nìkan ni ìròyìn ọ̀nà. Ní oṣù kẹjọ tí ọdún Ọ̀ṣun Òṣogbo bá dé, tí àlejò bá kún ìgboro, ó yẹ kí ẹni tó ń gbé tòmátì wọ̀lú mọ ọjọ́ tí ọ̀nà yóò há. Bẹ́ẹ̀ náà ni ọjọ́ Ìwúde ní Iléṣà ní oṣù Kejìlá. Ìwọ̀nyí kì í ṣe àjálù, a ti mọ̀ wọ́n sílẹ̀, a kàn kì í sọ fún ara wa ni.

Ìkẹta, kí á má sọ ohun tí kò dá wa lójú. Gbogbo wa la mọ ohun tí ohùn tí wọ́n ń pín kiri lórí WhatsApp ń ṣe. Ẹnì kan á sọ pé ọ̀nà ti dí, èèyàn á jókòó sílé, ọjà á sì fò ó. Lọ́jọ́ kejì ẹ óò gbọ́ pé ìròyìn oṣù mélòó kan sẹ́yìn ni. Ẹni tó fojú rí i ni kó pè. Kí ọ́fíìsì kọ aago tó pè sílẹ̀, kí wọ́n sì máa fi aago náà kún un nígbà tí wọ́n bá ń dáhùn: "Aago mẹ́jọ ni a gbọ́ èyí." Ìròyìn tó bá ti lé ní wákàtí mẹ́ta, kí á tún un bèèrè. Awakọ̀ kò sì gbọ́dọ̀ pè wá lórí ìrìn. Kó dúró, tàbí kí èrò rẹ̀ bá a pè é.

Ìkẹrin, ọ̀rọ̀ ààbò. Pẹ̀lú bí ẹ̀rù olè àti ajínigbé ṣe wà lónìí, àwọn kan láàárín wa ti ń bẹ̀rù pé à ń fẹ́ tú àṣírí ara wa. Ìbẹ̀rù wọn tọ́. Bí ọ̀nà ṣe rí ni nọ́ńbà yìí yóò máa sọ. Ẹni tó wà lójú ọ̀nà, ohun tó gbé àti iye owó tó dè mọ́dìí kò kàn án. Ẹni tó bá ń gbé fóònù náà kò gbọ́dọ̀ béèrè ẹrù lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Ìkarùn-ún, kí á má gbàgbé àwọn ìyá wa tó ń lo fóònù kékeré oní-tọ́ọ̀ṣì. WhatsApp dára, ojú ìwé lórí íntánẹ́ẹ̀tì náà dára, a ó dé ibẹ̀. Ṣùgbọ́n ohùn èèyàn ni kí á fi bẹ̀rẹ̀, ní èdè wa, kó jẹ́ pé ẹni tí kò mọ̀wé kà lè pè é kó sì gbọ́.

Ó wá ku ìpolówó. Ẹni tó ń ta ẹ̀kọ, bí kò bá kígbe, inú igbá ni ẹ̀kọ rẹ̀ yóò tutù sí. Kí á tẹ nọ́ńbà náà sẹ́yìn káàdì ìfowópamọ́. Kí á kùn ún sára ògiri ọ́fíìsì pẹ̀lú ọ̀dà tí a lè rí láti òdìkejì títì. Kí á gbé e lọ fún àwọn ìyálọ́jà àti àwọn awakọ̀ ní Old Garage. Kí á máa kà á sókè ní gbogbo ìpàdé, kí 122 sì máa tẹ̀ lé e, títí àwọn ọmọ wa yóò fi mọ̀ ọ́n sórí. Ẹ kíyè sí i o: kí á má polówó rẹ̀ kó tó ṣetán. Bí èèyàn bá pè lẹ́ẹ̀mejì tí ẹnikẹ́ni kò gbé e, kò ní pè lẹ́ẹ̀kẹta, yóò sì sọ fún aládùúgbò rẹ̀ pé irọ́ ni wọ́n ń pa. Ó sàn kí á fi àárọ̀ ọjọ́ ọjà nìkan bẹ̀rẹ̀, kí ó sì dájú.

Níbi tí a dé yìí, àwa náà jẹ̀bi, a kò ní bò ó. Ẹgbẹ́ ra fóònù kan fún ọ́fíìsì nígbà kan. Inú àpótí tábìlì ló ń gbé, ó ń dún, kò sẹ́ni tó ń gbé e, títí báńtìrì rẹ̀ fi kú. Ìdí ni pé kò sí ẹni tí a fi iṣẹ́ náà lé lọ́wọ́. Bí a bá tún ṣe bẹ́ẹ̀, kí ẹ dá wa lẹ́jọ́.

Àwọn kan yóò ní iṣẹ́ ìjọba lèyí, kí ló kan ẹgbẹ́? Ìjọba ní tirẹ̀ láti ṣe, a ó sì máa rán an létí. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀gẹ̀dẹ̀ rà, ṣé ìjọba ni ẹgbẹ́ lọ bá fún owó? Ọ̀dọ̀ àwọn onídùúró la lọ. Àwọn mìíràn yóò ní owó káàdì àti owó ọmọ tí yóò jókòó tì í ti pọ̀ jù. Ẹ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹrù kan ṣoṣo tó bàjẹ́, kí ẹ wá sọ èyí tó wọ́n. Owó ẹ̀yáwó tí a ń yá ara wa, orí títì ló ń rìn lọ sí ọjà. Bí a kò bá mọ bí títì ṣe rí, a kò mọ ibi tí owó wa wà.

Ọ̀wọ́ ọmọdé kò tó pẹpẹ, ti àgbàlagbà kò wọ akèrègbè. Ìdí tí a fi ń pe ara wa ní ẹgbẹ́ nìyẹn. A ó gbé ọ̀rọ̀ yìí wá sí ìpàdé gbogbogbò tó ń bọ̀ fún ìbò. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má rán ọmọ wá, ẹ wá fúnra yín. Kí oníkálukú mú orúkọ ọ̀nà tó ń rìn jù dání, àti ọjọ́ tó ń rìn ín. Ẹni tó bá lòdì sí i, kó wá sọ ọ́ lójú wa. Ẹni tó bá gbà, kó wá sọ wákàtí tí òun lè fi sílẹ̀.

Ìyá ọlọ́gẹ̀dẹ̀ wa ṣì ń san gbèsè náà díẹ̀díẹ̀. Kò ṣẹ̀, kò ṣọ̀lẹ. Kò rí ẹni bi léèrè ọ̀nà ni. Ẹ jẹ́ kó jẹ́ pé òun ló kẹ́yìn irú rẹ̀ láàárín wa.

Àlọ yín yóò bá àbọ̀ o.

Akọ̀wé Ẹgbẹ́,
lórúkọ Ìgbìmọ̀