Ọ̀rọ̀-Ìperí fún Edé Odò: Ilé Ta Ni Kí A Wò?

Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní ilé ni à ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Ọ̀rọ̀ náà kò mọ sí ọ̀dọ̀ ọmọ tuntun nìkan. Ó kan ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ fi èdè Yorùbá pe ohun tí ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ń ṣe àlàyé rẹ̀. Láti ọdún 1970 tí ètò ìwádìí ọlọ́dún mẹ́fà ti Yunifásítì Ifẹ̀ ti fi èdè Yorùbá kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, tí sáyẹ́ǹsì àti ìṣirò sì wà nínú ohun tí a kọ́ wọn, àríyànjiyàn pé èdè Yorùbá kò lè gba ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ ti parí. Ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá tí Ayọ̀ Bámgbóṣé ṣe olóòtú rẹ̀ ní ọdún 1984 sì fi ọ̀nà hàn fún ẹ̀kọ́ èdè, lítíréṣọ̀ àti ọ̀nà ìkọ́ni. Ìbéèrè tí ó kù fún àwọn olùkọ́ ìmọ̀ nípa ẹranko ni èyí: nígbà tí wọ́n bá fẹ́ sọ ẹ̀dá kan lórúkọ, ilé ta ni wọ́n ń wò? Ṣé ilé Gẹ̀ẹ́sì ni, tàbí ilé ẹ̀dá náà gan-an?

Edé odò tó láti fi dán ọ̀rọ̀ náà wò. Ìjànikin, ní ìjọba ìbílẹ̀ Ọjọ́ ní Ìpínlẹ̀ Èkó, kò jìnnà sí Ọ̀sà Ológe. Ibẹ̀ náà ni ilé ẹ̀kọ́ àwọn olùkọ́ni wà, èyí tí ó di Yunifásítì Ẹ̀kọ́ Olùkọ́ni ti Ìpínlẹ̀ Èkó ní ọdún 2022. Ní Ọjọ́ ni Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó wà, tí ẹ̀ka ẹ̀kọ́ nípa ẹja sì wà níbẹ̀. Nínú àwọn ọ̀sà àti odò ìhà yìí ni a ti ń rí irú edé odò méjì tí ó lókìkí jù, Macrobrachium vollenhovenii àti Macrobrachium macrobrachion. Àwọn Àwórì àti àwọn Ègùn ń pẹja, wọ́n ń yan án, wọ́n sì ń tà á. Bí olùkọ́ kan ní Ìjànikin kò bá lè fi èdè àwọn tí ó ń kọ́ sọ ohun tí edé jẹ́, kò lè sọ pé ẹ̀dá náà jìnnà sí òun.

Orúkọ ẹ̀dá náà ni kí a kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Edé ni Yorùbá ń pè é, ọ̀rọ̀ náà sì péye. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ní orúkọ méjì fún un, ṣùgbọ́n ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ kò rí ààlà kan tí ó dúró láàárín méjèèjì. Ní ọjà Nàìjíríà ẹ̀wẹ̀, edé gbígbẹ tí a ń lọ̀ sínú ọbẹ̀ ni àwọn tí ń sọ Gẹ̀ẹ́sì ń fi orúkọ ẹ̀dá mìíràn pè, ẹ̀dá tí ó súnmọ́ alákàsà ju edé lọ, tí kò sì sí irú rẹ̀ kankan tí ó jẹ́ ọmọ bíbí ilẹ̀ Áfíríkà, bí a bá yọ erékùṣù Madagásíkà sílẹ̀. Nematopalaemon hastatus, edé kékeré ẹnu òkun, ni ó pọ̀ jù nínú ohun tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀. Nítorí náà, ògbufọ̀ tí ó bá ń wá ọ̀rọ̀ Yorùbá mẹ́ta fún ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì mẹ́ta ń kó àṣìṣe ará ilé ẹlòmíràn wọ ilé ara rẹ̀. Edé tó. Edé odò àti edé òkun ni kí a fi pààlà.

Bẹ́ẹ̀ náà ni omi tí edé yìí ń gbé. Àwọn kan ti ń kọ ọ́ pé “omi tútù”, nítorí pé wọ́n tẹ̀lé ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Ọmọ ilé ẹ̀kọ́ tí ó bá kà á yóò rò pé edé kò fẹ́ omi lílọ́wọ́ọ́wọ́, bẹ́ẹ̀ omi Ọ̀sà Ológe kì í ṣe omi tútù rárá. Iyọ̀ ni ó pààlà, kì í ṣe ooru. Omi aláìníyọ̀, omi oníyọ̀ díẹ̀, omi iyọ̀: mẹ́ta wọ̀nyí kò lè ṣi ẹnikẹ́ni lọ́nà.

Ní ti ẹ̀yà ara, ìlò ọjà kò tó láìsí àtúnṣe. Àwọn alásè ń pe apá iwájú edé ní orí, wọ́n ń pe apá ẹ̀yìn ní ìrù. Ẹni tí ó bá gba èyí wọ inú ìwé ẹ̀kọ́ yóò ní láti kọ́ àwọn ọmọ pé inú orí ni ọkàn edé wà, bí ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń sọ kiri. Irọ́ ni. Abala 19 ni ara edé ní: 5 jẹ́ ti orí, 8 jẹ́ ti àyà, 6 jẹ́ ti ẹ̀yìn. Orí àti àyà ni ó so pọ̀ lábẹ́ èèpo kan ṣoṣo, inú àyà sì ni ọkàn wà. “Orí-àyà” ni ó yẹ kí a pe apá náà. Apá ẹ̀yìn kò sì ṣeé pè ní ikùn, nítorí pé ẹran tí ó fi ń fò sẹ́yìn ni ó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Iwájú, nínú orí-àyà, ni àpò oúnjẹ rẹ̀ wà. “Ẹ̀yìn-ara” yóò ṣe é, kí a sì fi ìrù sílẹ̀ fún òpin rẹ̀ nìkan.

Èèpo edé ni ọ̀rọ̀ kejì. Àwọn kan ń pè é ní ìkarahun, wọ́n sì ń rò pé ọ̀rọ̀ kan náà yóò bá ìgbín àti edé mu. Kò bá wọn mu. Ìkarahun ìgbín ń dàgbà pẹ̀lú ìgbín títí ó fi kú. Èèpo edé kì í dàgbà. Edé a máa bọ́ ọ sílẹ̀, a sì máa dúró ní ara rírọ̀ títí èèpo tuntun yóò fi le. Ẹni tí ó bá pe méjèèjì ní orúkọ kan ti gba ohun tí ó ṣe pàtàkì jù nínú ìgbésí ayé edé lọ́wọ́ akẹ́kọ̀ọ́. Èèpo, tí a ń bó tí ó sì ń bọ́, ni ó tọ́.

Àwọn ẹ̀yà tí ó kù kò nira fún ẹni tí ó bá wo iṣẹ́ wọn. Ohun tí ó yọ síwájú láàárín ojú méjèèjì ní eyín lókè àti nísàlẹ̀, ayùn ni. Okùn gígùn tí edé fi ń mọ ohun tí ó wà níwájú rẹ̀ kì í ṣe ìwo, nítorí ìwo le, okùn-ìmọ̀lára ni. Ẹsẹ̀ àyà jẹ́ oríṣi 2: orógùn 3 tí ó wà lẹ́bàá ẹnu ń ran ẹnu lọ́wọ́, ẹsẹ̀-ẹnu ni kí a pè wọ́n, orógùn 5 tí ó kù, tí í ṣe ẹsẹ̀ 10, ni ẹsẹ̀ ìrìn. Nínú ẹsẹ̀ ìrìn ti edé odò, orógùn 2 àkọ́kọ́ ní ẹ̀mú ní orí, bí ẹ̀mú alágbẹ̀dẹ. Ẹsẹ̀ ẹlẹ́mùú ni wọ́n. Orógùn kejì gùn ju àwọn yòókù lọ, ohun tí Macrobrachium sì túmọ̀ sí nìyẹn: ọwọ́ gígùn. Lábẹ́ ẹ̀yìn-ara ni orógùn 5 wà tí edé fi ń wẹ̀. Ẹsẹ̀-àjẹ̀ ni orúkọ tí ẹnikẹ́ni tí ó ti wa ọkọ̀ lórí ọ̀sà yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀. Abẹ̀bẹ̀ ìrù ni ó parí rẹ̀.

Àwọn orúkọ wọ̀nyí kì í ṣe ọ̀ṣọ́. Wọ́n ni akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi dá irú kan mọ̀ yàtọ̀ sí èkejì. Edé òkun bíi Penaeus notialis ní ẹ̀mú lórí orógùn ẹsẹ̀ 3, edé odò ní in lórí 2. Lára edé odò, èèpo ẹ̀gbẹ́ abala kejì ti ẹ̀yìn-ara bo ti àkọ́kọ́ àti ti ẹ̀kẹta. Ti edé òkun yẹn tò bí páànù orí ilé. Edé odò ń so ẹyin mọ́ ẹsẹ̀-àjẹ̀, edé òkun náà ń tú tirẹ̀ sínú omi. Láàárín edé odò méjèèjì pàápàá, eyín ayùn àti gígùn ìpín ẹsẹ̀ ẹlẹ́mùú ni a fi ń pààlà. Bí a kò bá ní orúkọ fún ẹ̀mú, ayùn àti àjẹ̀, báwo ni a óò ṣe sọ gbogbo èyí?

Ní ti ìpínsísọ̀rí, àṣìṣe méjì ni ó yẹ kí a yàgò fún. Èkíní ni títúmọ̀ orúkọ ipò ní ààbọ̀ ọ̀rọ̀, bí ẹni pé “àṣẹ” ni ipò tí edé, akàn àti alákàsà ti pàdé. Ọ̀rọ̀ ìbátan ni ìpínsísọ̀rí, Yorùbá kò sì tòṣì ní ọ̀rọ̀ ìbátan. Agbo-ilé Decapoda, ìdílé Palaemonidae, ìran Macrobrachium, irú vollenhovenii: ẹni tí ó mọ bí agbo-ilé ṣe kó ìdílé sínú, tí ìdílé kó ìran sínú, kò tún nílò àlàyé. Èkejì ni títúmọ̀ orúkọ Látìnì fúnra rẹ̀. Orúkọ yẹn jẹ́ ti gbogbo ayé láti ìgbà Linnaeus ní ọdún 1758, ìtàn sì wà nínú bí a ṣe ń kọ ọ́. Nígbà tí a bá kọ Macrobrachium vollenhovenii (Herklots, 1857), àmì akọmọ́ ń sọ pé Herklots, ará Holland, kọ́kọ́ fi irú náà sínú ìran mìíràn, Palaemon. Ọdún 1868 ni Spence Bate tó dá ìran Macrobrachium sílẹ̀. Ẹni tí ó bá yọ akọmọ́ náà kúrò ti pa ìtàn run.

Àmì ohùn kò gbọ́dọ̀ yẹ̀ pẹ̀lú. Nínú irú àpilẹ̀kọ yìí, edé àti èdè, irú àti ìrù, ń pàdé nínú gbólóhùn kan náà. Ìwé ìmọ̀ ìjìnlẹ̀ tí a kò fi àmì sí kì í ṣe ìwé tí a lè fi kọ́ni.

Àwọn kan yóò sọ pé ó rọrùn láti ya gbogbo ọ̀rọ̀ náà lò, kí a sì fi ohùn Yorùbá kọ ọ́. Yíyá kò burú níbi tí kò sí ohun tí a lè fi wé e. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ àyálò tí kò sọ ìrísí, tí kò sọ iṣẹ́, ẹrù ìrántí lásán ni fún ọmọ. Ẹsẹ̀-àjẹ̀ ń kọ́ ọmọ ní ẹ̀kọ́ kí olùkọ́ tó lanu.

Ọ̀rọ̀ yìí kò mọ ní yàrá ìkàwé. Abo edé odò gbọ́dọ̀ sọ̀ kalẹ̀ lọ sí ibi omi oníyọ̀ díẹ̀ kí ọmọ rẹ̀ tó lè yè, àwọn ọmọ a sì tún gòkè padà. Nígbà tí ìdídò Diama dí ẹnu odò Sẹ̀nẹ̀gà ní ọdún 1986, ọ̀nà yẹn dí, edé dín kù, ìgbín inú omi tí edé ń jẹ pọ̀ sí i, àtọ̀sí ajá sì gbilẹ̀ láàárín àwọn ará etí odò. Ìwádìí tí a tẹ̀ jáde ní ọdún 2015 fi hàn pé níbi tí a ti dá M. vollenhovenii padà sínú omi, àìsàn náà rọlẹ̀. Ọ̀sà Ológe náà ní ìṣòro tirẹ̀: omi ìdọ̀tí ilé iṣẹ́ ẹ̀rọ agbègbè Agbára ń ṣàn wọ inú rẹ̀. Èdè wo ni a óò fi ṣàlàyé fún apẹja àti aláta edé pé ohun tí ó wọ inú omi ń wọ ara edé, àti pé abo tí ó so ẹyin kò yẹ ní pípa?

Ní oṣù kọkànlá ọdún 2022 ni ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí ìlànà fífi èdè abínibí kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ní oṣù kọkànlá ọdún 2025 ni ó fagi lé e. Ẹni tí ó bá fẹ́ kí ìlànà bẹ́ẹ̀ padà wá gbọ́dọ̀ mọ̀ pé àṣẹ nìkan kò lè gbé e ró. Olùkọ́ tí a ní kí ó fi Yorùbá kọ́ni, tí a kò fún ní ọ̀rọ̀, a ti rán an lọ sóko láìfún un ní ọkọ́.

Iṣẹ́ náà kò tóbi jù. Kí àwọn olùkọ́ ìmọ̀ ẹranko àti àwọn olùkọ́ Yorùbá ní Ìjànikin àti Ọjọ́ jókòó pọ̀. Kí wọ́n pe àwọn apẹja mọ́ra, nítorí pé ọ̀rọ̀ pọ̀ lẹ́nu wọn tí kò sí nínú ìwé. Kí wọ́n gbé edé sórí tábìlì, kí wọ́n sì fẹnu kò lórí ọ̀rọ̀ kan fún ẹ̀yà kan. Kí ọ̀rọ̀ tí ó bá bá edé mu sì tún jẹ́ èyí tí a lò fún akàn àti alákàsà, kí agbo-ilé kan má baà ní èdè mẹ́ta. Ilé ẹ̀dá náà kò jìnnà. Etí ọ̀sà níbẹ̀ ni. Ibẹ̀ ni kí a wò kí a tó sọ ọ́ lórúkọ.