Ẹni Tó Ń Ta Oògùn Àtọ̀gbẹ Láìsọ̀rọ̀, Ọjà Lásán Ló Ń Tà

Ní ọ̀pọ̀ ilé oògùn wa, bí ìyá àgbàlagbà kan bá wá ra metformin, wọn á gbowó, wọn á kọ "1 x 2" sára páálí, wọn á sì kọjú sí ẹlòmíràn. Kí ni ìyá fẹ́ fi "1 x 2" ṣe? Ṣé ọ̀kan lẹ́yìn ọjọ́ méjì ni, àbí méjì lẹ́ẹ̀kan náà? Àwa ò gbà pé iṣẹ́ apoògùn òyìnbó nìyẹn.

Àtọ̀gbẹ, tí gbogbo ayé ń pè ní ìtọ̀ ṣúgà, kì í pariwo. Díẹ̀díẹ̀ ni ṣúgà tó pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀ ń ba ojú, kíndìnrín àti iṣan ẹsẹ̀ jẹ́. Ẹsẹ̀ á kú tipiri débi pé èèyàn á tẹ ìṣó tí kò ní mọ̀. Ọgbẹ́ kékeré yẹn náà ló ń sọni di ẹni tí wọ́n ń gé lẹ́sẹ̀. Igi gogoro má gùn mí lójú, òkèèrè la ti ń wò ó. Ta ló sì sún mọ́ wa jù láti bá wa wò ó? Ṣé dókítà tí a ń rí lẹ́ẹ̀kan lóṣù mẹ́ta ni, àbí apoògùn tí a ń lọ bá ní gbogbo ìgbà tí oògùn bá tán?

Apoògùn mọ̀ pé oúnjẹ ló yẹ kí a fi ti metformin lẹ́yìn, kó má baà da inú rú. Ó mọ̀ pé ẹni tó lo glibenclamide tí kò jẹun lè dákú. Ó mọ̀ pé insulin kò gbọdọ̀ di yìnyín, kò sì gbọdọ̀ wà nínú oòrùn. Ó mọ̀ pé dexamethasone tí àwọn kan ń lò kí wọ́n lè sanra máa ń gbé ṣúgà sókè, àti pé diclofenac tí bàbá ń gbé mì lójoojúmọ́ nítorí orúnkún lè pa kíndìnrín lára. Ó mọ gbogbo èyí, ó wá dákẹ́! Ìmọ̀ tí kò dé etí aláìsàn, ta ló fẹ́ wò sàn?

Àwọn kan á ní iṣẹ́ dókítà nìyẹn. Rárá o. Ní ìlú Asheville ní Amẹ́ríkà, láti àwọn ọdún 1990, àwọn apoògùn jókòó ti àwọn òṣìṣẹ́ ìlú tó ní àtọ̀gbẹ, wọ́n kọ́ wọn bí wọn yóò ṣe máa tọ́jú ara wọn, wọ́n sì ń yẹ ẹsẹ̀ wọn wò. Ṣúgà ọ̀pọ̀ nínú wọn wálẹ̀, ọjọ́ tí àìsàn ń gbà lọ́wọ́ iṣẹ́ wọn sì dín kù. Iṣẹ́ kò tìtorí ẹ̀ bọ́ lọ́wọ́ dókítà kankan.

Àwọn mìíràn á ní èrò pọ̀, kò sáyè. Ìbéèrè mẹ́ta péré là ń wí: Oògùn wo lẹ tún ń lò, títí kan àgbo? Ìgbà wo lẹ yẹ ṣúgà yín wò kẹ́yìn? Ṣé ọgbẹ́ kankan wà lẹ́sẹ̀ yín? Kò gba ìṣẹ́jú márùn-ún.

Èyí tó wá ká àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá lára jù ni ti èdè. "Ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lálẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ." Kí ló ṣòro níbẹ̀? Ẹni tí kò mọ̀wé kà, ẹ sọ ọ́ fún un, kí ẹ sì ní kó tún un sọ fún yín kó tó máa lọ.

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa tí ẹ ń kọ́ iṣẹ́ oògùn pípò ní yunifásítì, bí gbólóhùn Yorùbá ló ń dà yín láàmú, ẹ wá bá wa. Ọ̀fẹ́ la ó bá yín kọ ọ́. Ẹ̀yin tí ẹ sì ń bá òbí yín ra oògùn, ẹ má kúrò nídìí káńtà láìbéèrè. Owó tí ẹ san, owó ọ̀rọ̀ ẹnu apoògùn wà nínú rẹ̀.