Kòkó Tí Kò Dé Orí Tábìlì Kérésìmesì Wa

Bí oṣù Disẹ́ńbà bá ti wọlé, tí ọyẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ́, kòkó ló máa ń kún àgbàlá àwọn àgbẹ̀ láti Ìdànrè dé Ilé-Olújì, láti Ilé-Ifẹ̀ dé ìgbèríko Ìjẹ̀ṣà. Òjò ti dáwọ́ dúró, oòrùn ti mú, wọ́n ń sá a, wọ́n ń dì í sínú àpò, àwọn oníṣòwò sì ń kó o lọ sí èbúté Èkó. Nínú oṣù kan náà, àwọn ará Amẹ́ríkà tí òtútù ti sé mọ́lé ń ṣí agolo kòkó lílọ̀ láti fi ṣe brownie, ìyẹn kéèkì pẹlẹbẹ dúdú tó rọ̀ nínú, tí wọ́n ń yan sínú páànù kan ṣoṣo, tí wọ́n sì ń gé ní onígun-mẹ́rin kéékèèké fún àlejò ọdún. Lórí tábìlì tiwa, ìrẹsì wà ńbẹ̀, adìẹ wà ńbẹ̀, chin-chin wà nínú ìgò, kéèkì tí wọ́n fi ṣúgà funfun bò lórí náà kì í gbẹ́yìn. Kòkó nìkan la kì í rí, àfi èyí tí àwọn ọmọ bá pò mọ́ mílíìkì mu láàárọ̀. Èrò tèmi ni pé nínú gbogbo ohun tí òyìnbó ń yan fún Kérésìmesì, brownie ló bá ilé ìdáná wa mu jù lọ, pàápàá bí a bá fi kòkó tiwa àti ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tiwa ṣe é.

Brownie kì í ṣe oúnjẹ ọdún láti ìbẹ̀rẹ̀. Ìtàn tí ilé ìtura Palmer House ní Chicago ń sọ ni pé ní 1893, nígbà tí wọ́n ń ṣe àfihàn ọjà àgbáyé nílùú náà, Bertha Palmer, ìyàwó ẹni tó ni ilé ìtura ọ̀hún, ní kí àwọn alásè wá nǹkan dídùn kan tí àwọn obìnrin lè gbé dání nínú páálí oúnjẹ, tí kò ní tóbi bíi kéèkì, tí kò sì ní ba ọwọ́ jẹ́. Nígbà tó fi máa di 1906, Fannie Farmer ti fi brownie oníṣokoléètì sínú ìwé ìdáná rẹ̀ tó gbajúmọ̀. Lójú tèmi, ohun tó jẹ́ kó ráyè wọnú ọdún ni pé iṣẹ́ rẹ̀ kò pọ̀. Bísíkíìtì Kérésìmesì ti àtijọ́, wọ́n ní láti nà án pẹlẹbẹ, kí wọ́n fi irin gé e bí ìràwọ̀ àti bí igi, kí wọ́n yan án lọ́wọ̀ọ̀wọ́, kí wọ́n tún kùn ún lọ́dà. Brownie kò béèrè ju kí a pò ó, kí a dà á sí páànù, kí a yan án, kí a gé e. Bí Kérésìmesì bá dé, wọn a fọ́ súìtì mínítì aláwọ̀ pupa àti funfun lé e lórí. (N kò mọ ohun tí súìtì yẹn ń wá níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó lọdún ló mọ bó ṣe ń ṣe é.)

Àwọn tó ń yan nǹkan ọdún káàkiri ayé kì í kàn ṣàdédé yan èyí tó wù wọ́n. Ẹ wo Nuremberg ní Jámánì. Oyin àti èròjà olóòórùn dídùn ló mú bísíkíìtì Lebkuchen tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀ lásìkò Kérésìmesì yàtọ̀. Igbó ńlá tó wà lẹ́bàá ìlú náà kún fún àwọn tó ń sin oyin láyé àtijọ́, ìlú ọ̀hún sì wà lójú ọ̀nà tí àwọn oníṣòwò ń gbé kànáfùrù, ata ilẹ̀ àti sínámọ́nì gbà. Èyí tó ga jù nínú rẹ̀ ni Elisenlebkuchen. Òfin sọ pé ìyẹ̀fun inú rẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 10 nínú ọgọ́rùn-ún lọ, nígbà tí álímọ́ńdì àti èso eléèpo líle bíi tirẹ̀ gbọ́dọ̀ tó ìdá 25, ó kéré tán. Láti 1996 ni òfin ilẹ̀ Yúróòpù ti dáàbò bo orúkọ náà, tó fi jẹ́ pé èyí tí wọn kò bá yan nínú ìlú Nuremberg kò gbọdọ̀ jẹ́ Nürnberger Lebkuchen. Ní Dresden, ọ̀rọ̀ bọ́tà ni wọ́n bá yí. Ìjọ Kátólíìkì ka bọ́tà léèwọ̀ nínú àwẹ̀ tó ṣáájú Kérésìmesì, òróró tí wọ́n fi ń ṣe Stollen, búrẹ́dì dídùn Kérésìmesì wọn, dípò rẹ̀ kò sì dùn lẹ́nu. Àwọn aláṣẹ Saxony kọ̀wé bẹ Póòpù títí Innocent VIII fi yọ̀ǹda bọ́tà fún wọn ní 1491. Ohun tí ilẹ̀ wọn mú jáde, tàbí ohun tí ọjà wọn kún fún, ni wọ́n sọ di oúnjẹ ọdún, wọ́n sì jà fún un.

Ẹ wá wo kéèkì Kérésìmesì tiwa. Àlìkámà inú rẹ̀, òkè òkun ni èyí tó pọ̀ jù ti wá. Èso àjàrà gbígbẹ, òkè òkun. Ṣúgà funfun tó wà lórí rẹ̀ ń ṣàpẹẹrẹ yìnyín tí ẹnikẹ́ni kò rí rí ní Òṣogbo. Bẹ́ẹ̀ sì ni kòkó kì í ṣe àjèjì láàárín wa. Ní nǹkan bí 1880 ni James Pinson Labulo Davies ti ń gbìn ín ní Ìjọn, lẹ́yìn odi Èkó. Láti oko àwọn ará Agége ló ti tàn wọ àárín ilẹ̀ Yorùbá. Owó kòkó wà lára ohun tí ìjọba Ìwọ̀-Oòrùn gbójú lé nígbà tí Awólọ́wọ̀ dá ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ sílẹ̀ ní 1955. Owó rẹ̀ ni wọ́n fi kọ́ Ilé Kòkó alájà 26 tí wọ́n ṣí ní Ìbàdàn ní 1965. Ìdí-Ayùnrẹ́ ni ilé ìwádìí kòkó ti wà láti 1964, wọ́n sì kọ́ ilé-iṣẹ́ tí yóò máa lọ̀ ọ́ sí Ilé-Olújì àti sí Ẹdẹ. Owó ni a ń wò nígbàkígbà tí a bá wo kòkó. A fi kọ́lé, a fi rán ọmọ lọ sílé ìwé, a fi fẹ́yàwó, ṣùgbọ́n a kò fi ṣe oúnjẹ. Èso rẹ̀ ń lọ sókè òkun nínú àpò, ó ń padà wá nínú agolo.

Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti dùn mí jù ni ti ẹ̀gẹ́. Kò sí orílẹ̀-èdè tó ń gbin ẹ̀gẹ́ tó Nàìjíríà láyé. Ìdí nìyẹn tí ìjọba Ọbásanjọ́ fi pàṣẹ pé kí àwọn tó ń lọ ìyẹ̀fun fi ìdá 10 ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ kún ti àlìkámà, tí ìjọba Jonathan náà sì polongo búrẹ́dì tí ẹ̀gẹ́ inú rẹ̀ tó ìdá 40. Lẹ́yìn gbogbo ariwo náà, búrẹ́dì àlìkámà ló ṣì kún ìsọ̀. Owó wà lára ohun tó fà á, àìtó ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tó dára náà wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ìṣòro kan wà tí àṣẹ ìjọba kò lè yanjú. Ohun kan wà nínú àlìkámà tó máa ń fà bíi rọ́bà nígbà tí a bá pò ó, tí wọ́n ń pè ní gluten. Òun ló ń dá afẹ́fẹ́ tí ìwúkàrà mú wá dúró tí búrẹ́dì fi ń wú. Ẹ̀gẹ́ kò ní in. Bí ẹ̀gẹ́ bá ṣe ń pọ̀ sí i nínú búrẹ́dì, bẹ́ẹ̀ ni búrẹ́dì á máa rọlẹ̀, tí á máa fọ́. Brownie ní tirẹ̀ kò fẹ́ wú. Ẹyin, ṣúgà àti ọ̀rá ló di inú rẹ̀ mú, ẹni tó bá sì po ìyẹ̀fun àlìkámà inú rẹ̀ jù, líle ni yóò le. Nínú ọ̀pọ̀ ìlànà tí a fi kòkó lílọ̀ ṣe, ìyẹ̀fun kò ju ààbọ̀ ife lọ nínú páànù kan, kòkó sì lè ju ìyẹ̀fun lọ. Àìlera tó ba ẹ̀gẹ́ jẹ́ nínú búrẹ́dì kò pa á lára níbí. Kìkì ohun tí mo fẹ́ kí ẹ ṣọ́ra fún ni láfún: ó ti kan, òórùn rẹ̀ yóò bá ti kòkó jà. Ìyẹ̀fun ẹ̀gẹ́ tí wọ́n bó, tí wọ́n rin, tí wọ́n fún, tí wọ́n sì gbẹ lọ́jọ́ kan náà kó tó kan ni kí ẹ wá. Ẹni tí bọ́tà bá wọ́n jù fún lè lo òróró, àdí àgbọn tí wọ́n ń ṣe ní Àgbádárìgì sì bá kòkó mu gan-an.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé àfarawé òyìnbó ni mo ń wàásù. Ẹni tó bá fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀, kó kọ́kọ́ gbé chin-chin kúrò lórí tábìlì, nítorí ìyẹ̀fun àlìkámà tí a dín lòun náà. Òkè òkun ni ẹ̀gẹ́ ti bá wa, láti ilẹ̀ Gúúsù Amẹ́ríkà tí kòkó náà ti ṣẹ̀, síbẹ̀ kò sí ẹni tó ń pe gàrí Ìjẹ̀bú ní àfarawé. Àwọn Àgùdà tó ti Brazil bọ̀ gbé frejon wá sí Èkó, wọ́n ń fi ẹ̀wà àti omi àgbọn sè é ní ọjọ́ Ẹtì Rere, ó sì ti di ti Èkó.

Ọ̀rọ̀ owó le ju ìyẹn lọ. Ní Disẹ́ńbà 2024, iye tí wọ́n ń ta tọ́ọ̀nù kòkó kan ní New York kọjá 12,000 dọ́là, nítorí pé ìkórè kò dára ní Ivory Coast àti Ghana. Ọdún díẹ̀ ṣáájú, kò ju nǹkan bí 2,500 lọ. Ó ti wálẹ̀ púpọ̀ láti ìgbà náà. N kò ní tan ẹnikẹ́ni jẹ: bí gbogbo ilé ní Àkúrẹ́ bá yan brownie, iye tí New York ń pè kò ní mira. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń lọ kòkó níwọ̀nba nílé, tó ń dì í sínú ọ̀rá, tó sì ń tà á lọ́jà yóò rí oníbàárà ní àsìkò kan tó dájú lọ́dọọdún, kò sì ní dúró de ọkọ̀ ojú omi. Ní ti iná, nǹkan bí ìṣẹ́jú 25 ni brownie ń lò, ìkòkò irin ńlá tí a da iyanrìn gbígbẹ sí nísàlẹ̀, tí a dé pa, yóò sì yan án láìsí ààrò ìgbàlódé. Ẹ fi wé wákàtí tí a ń lò nídìí òróró gbígbóná nítorí chin-chin, pẹ̀lú iye tí wọ́n ń ta òróró báyìí. Ṣúgà inú rẹ̀ pọ̀, òótọ́ ni. Ẹni tó ní ìtọ̀ ṣúgà kò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, ẹlòmíì kò sì gbọdọ̀ jẹ ju ègé kan.

Ibì kan ṣoṣo ni chin-chin ti borí rẹ̀ pátápátá. Chin-chin lè wà nínú ìgò títí ọdún tuntun yóò fi di ohun àtijọ́. Brownie kò lè lò ju ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin lọ nínú ooru wa, ọyẹ́ sì máa ń gbẹ ẹ́ bí wọn kò bá dé e dáadáa. Nítorí náà, kí chin-chin máa jẹ́ ti àlejò tó bá yà láìròtẹ́lẹ̀, kí brownie jẹ́ ti ọjọ́ Kérésìmesì gan-an àti ọjọ́ kejì rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ gbé e láti Èkó lọ fún àwọn àgbà nílé, kó yan án lálẹ́ ọjọ́ tí ìrìn-àjò kù ọ̀la, kó má gé e, kó fi ọ̀rá bo páànù mọ́lẹ̀, kó gbé e lọ bẹ́ẹ̀. Bó bá dé ọ̀hún ni kó tó mú ọ̀bẹ.